Ìgbà Tí Ooru Olúdáre Rọlẹ̀

Lọ́dún tí Adéfúnkẹ́ lé ní àádọ́ta ọdún ni àwọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní báǹkì nígbà ọyẹ́, síìpù rẹ̀ ò gòkè mọ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀. Télọ̀ tó ń bá a ránṣọ tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ títí, kò sì sí ibi tó kù láti tú mọ́. Ohun tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé ìdí àti itan rẹ̀, tó ti ń gbé ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ọmọge, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ikùn ló ń yọ, àfi bí ẹni pé wọ́n ń kó ẹrù kúrò níbòmíràn wá síbẹ̀.

Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró lọ́dún tó ṣáájú, ooru sì ti gba ipò rẹ̀. Yóò jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Airport Road nílẹ̀ Ẹdó, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mú kí àwọn kásíà wọ súwẹ́tà, òógùn yóò sì máa ṣàn láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lọ sí ìbàdí. Iná á jó lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì kú. Yóò nu ojú, yóò tún ojú ṣe, iṣẹ́ á sì tẹ̀síwájú.

Olúdáre, ọkọ rẹ̀, kò níru wàhálà bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní yunifásítì, iṣẹ́ omi àti páìpù ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ojú ihò tó ń fi bẹ́líìtì sí nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó náà ló ṣì ń fi sí. Bó jẹ òkèlè iyán tó tó orí ọmọdé lálẹ́, kì í hàn lára rẹ̀ láàárọ̀. Ní gbogbo Sátidé, òun ló máa ń ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn rìn láti Uwasota dé títì Ugbowo, wọn á sì padà. Ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn ti mọ̀ sórí.

"Ara ò ní àṣírí kankan," ló máa ń sọ fún wọn. "Táǹkì omi ni. Bí èyí tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jáde lọ, á kún. Bí èyí tó ń jáde bá pọ̀ jù, á fà. Ó parí."

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ náà, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Adéfúnkẹ́ sì gbọ́ràn. Ó pa búrẹ́dì tì, ó pa gàárì tì, ó ń rìn láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tó bá lọ ra oúnjẹ ní Santana Market, ẹ̀fọ́ àti ẹja ló máa ń kún inú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀. Nígbà tó gun ìwọ̀n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ti wúwo sí i.

Olúdáre wo ìwọ̀n náà, ó sì wo ìyàwó rẹ̀.

"Fúnkẹ́," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kí lo máa ń jẹ ní báǹkì?"

Adéfúnkẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ìwọ̀n, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn wọlé sí i lára, kò sì jáde. Láti ọjọ́ náà, kò tún bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ikùn mọ́, ọkọ rẹ̀ náà ò sì béèrè. Ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wọn bí àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Olúdáre lẹ́nu. Ó pẹ́ kó tó lọ sí ọsibítù. Nígbà tó lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gé díẹ̀ lára prọ́sítéètì rẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò, wọ́n sì sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Tọkọtaya náà ló jọ jókòó níwájú Dókítà Osaretin, ọmọ Ẹdó kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, tó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ páìpù, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín," dókítà wí. "Ara ọkùnrin ń pèsè họ́mónù kan. Iṣẹ́ ni ara máa ń rán an: kó mú irùngbọ̀n hù, kó mú iṣan le. Họ́mónù yẹn náà ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ tó fi ń dàgbà. A máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó máa gba abẹ́rẹ́ kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí kò ní jẹ́ kí ara yín pèsè rẹ̀ mọ́."

Ó ka ohun tí abẹ́rẹ́ náà lè fà fún un: ara á máa gbóná, iṣan á rọ̀, èèyàn á máa sanra, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ á dín kù. Olúdáre ń mi orí. Adéfúnkẹ́ wojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé láti ìgbà tó ti gbọ́ "jẹjẹrẹ" ni kò ti gbọ́ ohunkóhun mọ́. Òun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí dókítà ṣe ń kà á lọ, ó ń rò ó lọ́kàn pé gbogbo rẹ̀ ni òun mọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Olúdáre ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ooru ló kọ́kọ́ dé. Ó bá a nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kún yàrá. Ó yíjú sí pátákó bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ara rẹ̀ fi tutù, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé táwẹ́lì kékeré kan kiri. Lẹ́yìn ooru ni ikùn tẹ̀ lé e. Bẹ́líìtì kúrò ní ihò tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, ó bọ́ sí èkejì, ó bọ́ sí ẹ̀kẹta. Apá rẹ̀ tó le bí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àyà rẹ̀ náà ń wú.

Ó ṣe ohun tó ti ń sọ pé kí gbogbo èèyàn ṣe. Ó gé oúnjẹ rẹ̀ sí méjì. Ó ń rìn láàárọ̀, ó tún ń rìn nírọ̀lẹ́. Ikùn náà ò gbọ́ èdè kankan. Lọ́jọ́ Sátidé kan, bí wọ́n ti ń parí ìrìn wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Ògúnwálé, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà tó fẹ́ràn àwàdà, fọwọ́ kan ikùn rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, táǹkì yín mà ti ń kún o! Ó jọ pé Mọ́mì ò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi lórí iyán mọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olúdáre náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó yá, kò wá àwáwí mọ́, kò kàn lọ ni.

Adéfúnkẹ́ ń wò ó. Ó lè sọ̀rọ̀ tó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó ti ń sè é láti ìgbà ìwọ̀n yẹn, ó sì ti jinná. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń rí ọkọ rẹ̀ tó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń ju ṣẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀, tó ń mú òmíràn, tí kò sí èyí tó gba àyà rẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn tó bó ṣe rò pé ó máa dùn tó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olúdáre ti àwo ẹ̀wà sẹ́yìn.

"Mi ò jẹun púpọ̀, Fúnkẹ́. Ìwọ náà rí i."

"Mo rí i."

"Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi náà ni, Dádì Ìyìn. Họ́mónù tèmi lọ fúnra rẹ̀. Tiyín, abẹ́rẹ́ ló lé e lọ."

Olúdáre wò ó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

"Ṣùgbọ́n obìnrin ni ìwọ," ló wí.

Adéfúnkẹ́ kó àwo, ó sì gbé e lọ sí kíṣìnnì.

Ìgbà ọyẹ́ dé, ó sì kọjá. Ní nǹkan bí oṣù kejì, ara Olúdáre bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó ń kọrin nínú bálùwẹ̀. Ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bọ̀ wálé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ tún ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún ń yá nílẹ̀. Ìyìnolúwa, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó ṣì wà nílé, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi fèsì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta.

"Mummy, Daddy don dey shine again o!"

"Ọlọ́run ló ṣe é," Adéfúnkẹ́ dá a lóhùn, ó sì dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ní oṣù kẹta, iná lọ bí ìwàásù ti ń lọ lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀, kò dáhùn. Ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bo gbogbo ìjọ, ìwé ìkéde sì di abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ tèwe tàgbà. Ooru ti inú ara Adéfúnkẹ́ yan àkókò yẹn láti ru sókè pẹ̀lú, gèlè rẹ̀ sì tutù rin. Ó wo apá ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí. Olúdáre wà nínú agbádá, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń tẹ́tí sí oníwàásù. Kò sí táwẹ́lì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fẹ́ ara rẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń fẹ́ ara wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú Adéfúnkẹ́ dùn fún un. Lẹ́yìn náà ló tún wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Ìgbà wo ló rí táwẹ́lì yẹn kẹ́yìn? Kò rántí. Ooru tòun ti ń bá òun fínra láti ọdún mélòó kan wá, kò sì tíì lọ, torí pé ohun tó lọ lára òun ò padà wá. Kí ló wá lé ti ọkọ òun lọ? Dókítà ò sọ pé ó ń tán báyẹn. Àfi bí ohun tí wọ́n lé lọ bá ti padà. Àfi bí kò bá sí ẹni tó ń lé e mọ́. Láti ọdún tó kọjá ni Olúdáre ti ní kó má wulẹ̀ máa gbàyè níbi iṣẹ́ láti sin òun lọ sí ọsibítù mọ́, pé òun á máa yà gba abẹ́rẹ́ òun láti ilé ẹ̀kọ́.

Kò gbọ́ ìyókù ìwàásù náà.

Nígbà tí wọ́n délé, tí Ìyìnolúwa ti bọ́ sílẹ̀ wọlé, Adéfúnkẹ́ ò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Dádì Ìyìn, ìgbà wo lẹ gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?"

"Abẹ́rẹ́?" Olúdáre yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Àìpẹ́ yìí ni. Èwo ni ti abẹ́rẹ́?"

"Ooru yín dà?"

Olúdáre ń fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣeré lọ́wọ́.

"Mo ní ooru yín dà? Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń làágùn lónìí, èmi ń jó bí iná, ẹ̀yin jókòó bí ẹni tó wà létí odò. Ẹ má purọ́ fún mi. Mo mọ ooru yẹn ju bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ."

Olúdáre gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀, ó ń wo ògiri gáréèjì.

"Mo ti fo méjì," ló wí.

Adéfúnkẹ́ yíjú sí i pátápátá.

"Fúnkẹ́, o ò mọ bó ṣe rí. Mo bọ́ṣọ lọ́jọ́ kan kí n lọ wẹ̀, mo rí ara mi nínú dígí, mi ò mọ ẹni tó dúró síbẹ̀. Ọyàn wà láyà mi. Èmi! Mo ń jẹun bí ẹyẹ, mo sì ń wú bí búrẹ́dì. Mo ní kí n sinmi díẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ náà. Ara mi sì yá. Ìwọ náà rí i pé ara mi yá."

"Jẹjẹrẹ náà ńkọ́? Ara tirẹ̀ náà ò yá?"

Olúdáre tún yíjú sí ògiri.

Inú bí Adéfúnkẹ́ débi tí omi ojú fi dé sí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. "Ẹ fẹ́ kú torí ikùn. Ikùn lásán! Ẹ wò mí níbí. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbé ikùn tèmi lọ síbi iṣẹ́, tí mò ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń gbé e jókòó níwájú yín. Ṣé mo kú? Ẹ̀yin lẹ béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí mò ń jẹ ní báǹkì."

"Mo rántí."

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Mo ti mọ̀ báyìí," Olúdáre wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sanra ni mo ti mọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ ni."

Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí inú ọkọ̀ fi gbóná tí wọn ò lè gbà á mọ́. Adéfúnkẹ́ ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn.

"Èmi ni mo máa wa ọkọ̀ lọ sí ọsibítù lọ́la," ló wí. "Mo máa sọ fún wọn ní báǹkì pé mi ò ní wá."

Dókítà Osaretin ò pariwo lé e lórí. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà tí èsì sì jáde, ó fi hàn wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ náà nínú ẹ̀jẹ̀ ti gòkè. Kò tíì gòkè débi tí kò fi ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n ó gòkè. Olúdáre gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Adéfúnkẹ́ dúró tì í títí nọ́ọ̀sì fi ju síríńjì nù. Lẹ́yìn náà ló ní kí dókítà jọ̀ọ́ fún àwọn láyè díẹ̀ sí i.

"Ẹ bá wa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìsanra yìí," ló wí. "Fún àwa méjèèjì. Ọkọ mi gbà pé táǹkì ni ara."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Táǹkì kọ́ ni ara, ẹ̀gbọ́n. Àbí ká kúkú sọ pé táǹkì tó ní olùṣọ́ ni. Ìbéèrè yín ni pé omi mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde. Olùṣọ́ ló ń pinnu méjèèjì, òun ló sì ń pinnu ibi tí wọ́n á gbé èyí tó ṣẹ́ kù sí."

Ó ṣàlàyé pé họ́mónù ni olùṣọ́ náà, pé ti obìnrin àti tọkùnrin ò jọ ara wọn. Họ́mónù obìnrin máa ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ pé oúnjẹ ti tó, ó sì máa ń kó ọ̀rá pamọ́ sí ìdí àti itan, nítorí oyún àti ọmọ ọmú. Lọ́jọ́ tó bá lọ, ọ̀rá á gba inú ikùn lọ, agbára tí ara ń ná á sì dín kù. Iṣan ni ti ọkùnrin ń kọ́, iṣan sì ń jẹun, kódà béèyàn jókòó. Bí wọ́n bá gba họ́mónù yẹn, iṣan á máa yọ́, ohun tó ń ná oúnjẹ á dín kù, ọ̀rá á sì gba ipò rẹ̀. "Olúkúlùkù pẹ̀lú olùṣọ́ tirẹ̀," dókítà wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ tán, ibì kan náà ni ọkùnrin àti obìnrin máa ń pàdé."

Olúdáre wo ikùn ara rẹ̀, ó wo ti ìyàwó rẹ̀.

"Kò wá sí nǹkan tá a lè ṣe?"

"Ó wà. Ẹ yé febi pa ara yín, iṣan lẹ̀ ń pa. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja. Ìrìn dára, ṣùgbọ́n ẹ máa gbé nǹkan tó wúwo. Ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò sọ pé ẹ máa padà di tẹ́ẹ́rẹ́ o. Mo fẹ́ kí egungun yín le, kí ṣúgà má sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ooru bá sì fẹ́ pa yín, ẹ wá sọ fún mi, oògùn wà fún un. Ẹ má dá abẹ́rẹ́ dúró."

Wọ́n wá ilé eré ìdárayá kan lẹ́bàá ilé wọn ní Uwasota, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé irin. Ojú kọ́kọ́ ti Olúdáre. Irin tí Adéfúnkẹ́ gbé lọ́jọ́ kìíní, òun ò lè gbé e lọ́jọ́ yẹn, torí abẹ́rẹ́ ti mú kí apá rẹ̀ rọ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyàwó rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín sí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ooru Olúdáre ti padà nígbà yẹn. Bó bá ti dé sí i, Adéfúnkẹ́ á na omi tútù sí i láìsọ̀rọ̀, bó bá sì kan tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà á na omi sí i.

Ìwọ̀n ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣúgà Adéfúnkẹ́, tó ti ń sún mọ́ ibi tí kò dára, ló lọ sílẹ̀. Ó tún ń gun àtẹ̀gùn báǹkì láìdúró. Ikùn Olúdáre wà níbẹ̀, ó ra ṣòkòtò tuntun tó gbà á. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ohun tó gòkè ti ń bọ̀ wálẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin. Ó dìde nínú ìpàdé, ó sọ irú àìsàn tó ń ṣe é àti irú abẹ́rẹ́ tó ń gbà, ó sì jókòó. Kò fi ẹ̀kọ́ kankan tì í. Ògúnwálé wá bá a lẹ́yìn ìpàdé, ó fẹ́ tọrọ àforíjì, kò mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, Olúdáre sì fọwọ́ gbá a léjìká.

Nínú oṣù kẹjọ, Láolú, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, wá sílé wọn pẹ̀lú Fọláṣadé, ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti sọ ohun kan náà fún un ní ọsibítù. Àwọn ọkùnrin jókòó sí pálọ̀, Adéfúnkẹ́ sì ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti kíṣìnnì.

"Ó máa mú ẹ sanra, Láolú. Ara rẹ á gbóná. Àyà rẹ lè wú. Mi ò ní tàn ẹ́. Gba abẹ́rẹ́ náà."

Fọláṣadé dúró ti Adéfúnkẹ́ nídìí sítóòfù, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tí kò fẹ́ gbé e sílẹ̀.

"Mọ́mì, kí ni kí n máa sè fún un tí kò fi ní sanra?"

"Se ẹ̀wà. Se ẹja. Á sanra díẹ̀ náà, jẹ́ kó sanra," Adéfúnkẹ́ wí. Ó ṣí ìkòkò, ó fi ṣíbí rò ó. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ abẹ́rẹ́, máa tẹ̀ lé e lọ. Kó má sọ fún ẹ pé òun á dá yà gbà á."

Fọláṣadé gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ sórí àga. Adéfúnkẹ́ mú àwo mẹ́rin jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ.